Ṣé Ìpìlẹ̀ Bọ́ńgálò Lè Gbé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ẹnjiníà. Èmi àti ọkọ mi ra plọ́ọ̀tì kan lọ́nà Mọ́níyà, n'Íbàdàn. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn a ṣe ìpìlẹ̀ bọ́ńgálò oníyàrá mẹ́ta, wọ́n da kọnkéré ilẹ̀ rẹ̀, owó bá tán. Ilẹ̀ náà dà sẹ́yìn díẹ̀. Níwájú, ipele búlọ́ọ̀kù méjì ló yọ sókè, ṣùgbọ́n lẹ́yìn, mẹ́fà ni wọ́n tò kí ó tó bá iwájú dọ́gba. Odò kékeré kan wà nísàlẹ̀ tó máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní báyìí, àbúrò ọkọ mi tó wà ní London ní òun yóò fowó kún un bí a bá sọ ọ́ di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí òkè lè jẹ́ tòun. Bíríkìlà wa ní búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì 9 lòun fi ṣe ìpìlẹ̀, pé òun rọ kọnkéré sínú ihò wọn, irin sì wà níbẹ̀, ó lè gbé dẹ́kìn méjì pàápàá. Ọkọ mi ti gbà. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n ní èmi ni mo dènà oore. Ìyá ọkọ mi náà yóò bá wa gbé níbẹ̀. Kí ni ká ṣe?"

Ìyàwó wa, ẹ kú ìrònú. Ilé kíkọ́ nílùú wa, ìdajì rẹ̀ owó, ìdajì yòókù ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ sì ti há sáàárín méjèèjì. Bí mo ṣe ka ìwé yín, ó jọ pé ohun tó ń dùn yín ju kí ilé sán lọ ni kí wọ́n má baà ní ìyàwó ló kọ oore àbúrò ọkọ. Màá fọwọ́ kan ìyẹn kí n tó dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ilẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín lónìí pé ìpìlẹ̀ yẹn lè gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ń méfò ni. Ẹni tó bá sì lérí pé kò lè gbé e láéláé, òun náà ń méfò. Ohun tó lè dá ẹjọ́ yìí wà nínú ilẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì tíì gbẹ́ ibẹ̀ wò. Nítorí náà, ohun tí mo ní láti sọ kò pọ̀: kí ẹnikẹ́ni má ra irin dẹ́kìn títí ẹ ó fi gbẹ́ ilẹ̀ wò. Ìdí rẹ̀ ni màá fara balẹ̀ ṣàlàyé, torí bí ẹ bá mọ ìdí, ẹ ó lè bá ọkọ yín sọ ọ́ láìdi ìjà.

Ẹ má bá bíríkìlà jà. Ohun tó ní òun ṣe, ó ṣeé ṣe kó ṣe é lóòótọ́. Ibi tó ti wọ́ ni pé àwọn ohun tó kà sílẹ̀ kò dáhùn ìbéèrè tí ẹ bi í. Búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì 9 tó wà nínú ilẹ̀, ògiri ni, ògiri tí iyẹ̀pẹ̀ bò. Ohun tó ń gbé ilé ni kọnkéré tí wọ́n dà sí ìsàlẹ̀ kòtò kí wọ́n tó to búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́, àti ilẹ̀ tí kọnkéré náà jókòó lé. Fún bọ́ńgálò, a sábà máa ń gbẹ́ kòtò náà jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 3, kọnkéré ìsàlẹ̀ rẹ̀ á fẹ̀ tó íǹṣì 27, á sì nípọn tó íǹṣì 9. Íǹṣì 27 yẹn jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ìbú búlọ́ọ̀kù, kí ẹrù ògiri lè tàn kálẹ̀ kó tó dé orí ilẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ ń rìn lórí ẹrọ̀fọ̀ kò rì, ewúrẹ́ tẹ̀lé e, pátákò rẹ̀ wọlé ṣinṣin, ìbú ẹsẹ̀ ló sì fa ìyàtọ̀. Kọnkéré tó rọ sínú ihò búlọ́ọ̀kù dára, pàápàá lẹ́yìn níbi tí iyẹ̀pẹ̀ ti ń ti ògiri síta láti inú. Ṣùgbọ́n ẹ da kọnkéré kún ihò búlọ́ọ̀kù títí dọ̀la, ẹsẹ̀ ilé kò ní fi íǹṣì kan fẹ̀ sí i. Mo sì ti rí kòtò púpọ̀ tí kọnkéré ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò yọ ju íǹṣì 2 lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ búlọ́ọ̀kù, torí pé wọ́n fẹ́ dín sìmẹ́ǹtì kù níbi tí ojú onílé kò ní tó.

Ti irin náà gba àlàyé. Bí wọ́n bá ní "irin wà níbẹ̀," ìbéèrè tó kàn ni pé níbo? Ọ̀pọ̀ ìgbà, inú kọnkéré ilẹ̀ tí àwọn bíríkìlà ń pè ní jámánì fulọ́ọ̀ ni irin náà wà. Ilẹ̀ yẹn jókòó lórí iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó kún inú ìpìlẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù àti àwọn tó ń rìn lórí rẹ̀ ló wà fún. Kì í gbé dẹ́kìn. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo mọ̀ pé ẹnìkan nínú ilé yóò sọ: pé ìpìlẹ̀ náà ti wà nínú òjò àti oòrùn fún ọdún mẹ́rin, kò sán, nítorí náà ó lágbára. Kí ló ti gbé? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dà á, kò tíì gbé nǹkan kan ju ara rẹ̀ lọ. Àǹfààní kan ṣoṣo tí ọdún mẹ́rin yẹn mú wá ni pé òjò ti ran iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ lọ́wọ́ láti wálẹ̀ díẹ̀, èyí tó wúlò fún jámánì fulọ́ọ̀ nìkan.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, kí ẹ lè mọ bí ẹrù náà ṣe tó. Ògiri búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì 9 tí wọ́n rẹ́ nínú àti níta, tó ga tó mítà 3, mítà kọ̀ọ̀kan nínú gígùn rẹ̀ wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Fi páànù, igi òrùlé àti síìlì kún un, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù kan àbọ̀. Ìyẹn ni ìpìlẹ̀ bọ́ńgálò ń gbé. Wá mú dẹ́kìn. Dẹ́kìn tó nípọn tó íǹṣì 6 wúwo tó kílò 375 ní mítà kan níbùú lóròó, kí wọ́n tó fi táìsì sí i. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 kan ṣoṣo, dẹ́kìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù 5, bí ẹni to nǹkan bí ọgọ́rùn-ún àpò sìmẹ́ǹtì sórí yín. Lórí ìyẹn ni ògiri òkè, táìsì, ẹrù ilé, àti àlejò ọjọ́ ìkómọ yóò tún wà. Ògiri tó wà láàárín yàrá méjì ló máa ń jìyà jù, torí pé ìdajì dẹ́kìn ti apá ọ̀tún àti ìdajì ti apá òsì ló ń bọ̀ lórí rẹ̀. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ògiri àárín yẹn lè kúrò ní tọ́ọ̀nù kan àbọ̀ kó di tọ́ọ̀nù 5 ní mítà kọ̀ọ̀kan. Lórí kọnkéré tó fẹ̀ tó íǹṣì 27, tí a bá ka ìwúwo ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, ó túmọ̀ sí pé mítà kan níbùú lóròó ilẹ̀ yóò gbé tó tọ́ọ̀nù 9. Ilẹ̀ yangí tó le dáadáa lè gbé tọ́ọ̀nù 15 láìmira. Amọ̀ tútù tó rọ̀ kò lè gbé tó 7. Ẹ wá rí i pé bíríkìlà yín lè jàre níwájú ilé, kó sì jẹ̀bi lẹ́yìn ilé kan náà.

Ẹ̀yìn ilé yẹn gan-an ló gbà mí lọ́kàn. Ẹ kàn mẹ́nu bà á ni, pé búlọ́ọ̀kù 2 níwájú, 6 lẹ́yìn, àti odò kan nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti dúró tí mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀kejì. Ní Ìbàdàn àti àyíká rẹ̀, bí ilẹ̀ ṣe sábà rí ni pé orí òkè á jẹ́ ilẹ̀ pupa pẹ̀lú yangí, bí ẹ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò, ilẹ̀ á máa di amọ̀, àwọ̀ rẹ̀ á máa ṣú, omi á sì máa sún mọ́ òkè. Iwájú ilé yín lè jókòó lórí yangí, kí ẹ̀yìn rẹ̀ ti sún dé orí amọ̀. Ipele búlọ́ọ̀kù 6 túmọ̀ sí pé ilẹ̀ ilé ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5 lẹ́yìn. Nítorí náà, iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó síbẹ̀ pọ̀, bí wọ́n kò bá sì máa gún un ní ìpele-ìpele bí wọ́n ṣe ń kó o, á ṣì máa wálẹ̀. Ẹ lè dán ìyẹn wò fúnra yín: ẹ mú òòlù kékeré, kí ẹ máa kan jámánì fulọ́ọ̀ náà láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ibi tó bá ń dún bí ìlù, iyẹ̀pẹ̀ ti fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ tún ta okùn bíríkìlà láti igun kan dé èkejì lára ògiri ẹ̀yìn, kí ẹ wò ó bóyá ògiri náà ti wú síta.

Àwọn ènìyàn máa ń rò pé rírì ló ń fọ́ ilé. Ilé tó bá rì lọ́gbọọgba, íǹṣì kan níwájú, íǹṣì kan lẹ́yìn, ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ lè má mọ̀ rárá. Èyí tó ń fọ́ ọ ni kí apá kan rì kí ìkejì dúró. Nígbà náà ni ẹ ó rí ìlà tó gun ògiri bí àtẹ̀gùn, tó ń tẹ̀lé ojú ibi tí búlọ́ọ̀kù ti pàdé. Ẹ ó rí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé lọ sókè, ilẹ̀kùn tó ń ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́ lánàá yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í há. Wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é, tàbí pé bíríkìlà ló pò yanrìn jù. Bọ́ńgálò tó wà lórí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè sán díẹ̀, kí ẹ dí i, kí ayé máa lọ. Ẹ fi ẹrù ìlọ́po mẹ́ta lé ilẹ̀ kan náà, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Ti odò yẹn náà kò kéré. Ẹni tó bá rántí òjò tó mú odò Ògùnpa ya wọ ilé n'Íbàdàn ní 31 oṣù kẹjọ 1980, tàbí àgbàrá ti 26 oṣù kẹjọ 2011, mọ̀ pé odò tó ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn n'Íbàdàn kì í ṣe ohun àfojúdi. Kí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wọ ọ̀rọ̀, ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè ibi tí omi dé nínú òjò ńlá, kí ẹ wọn ibẹ̀ sí ògiri ẹ̀yìn yín.

Bí a ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀ wò kò le. Ihò mẹ́rin tó: ọ̀kan ní igun iwájú, méjì lẹ́yìn lápá odò, ọ̀kan ní àárín níbi tí ògiri méjì ti pàdé, èyí tí wọn yóò ní láti fọ́ díẹ̀ nínú jámánì fulọ́ọ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Kí ihò kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 3, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpìlẹ̀, kí wọ́n gbẹ́ ẹ lọ títí wọn yóò fi rí ìsàlẹ̀ kọnkéré. Kí wọ́n má gbẹ́ ilẹ̀ kúrò lábẹ́ kọnkéré náà o, torí pé iṣẹ́ ìwádìí lè di iṣẹ́ ìparun. Ohun tí ẹ ń wá ni bí kọnkéré náà ṣe nípọn tó, bó ṣe yọ síta ju búlọ́ọ̀kù lọ tó, àti irú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àtàǹpàkò yín pàápàá lè sọ nǹkan: bí ẹ bá fi í tẹ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ihò tó sì wọlé wọ́ọ́rọ́, ilẹ̀ yẹn rọ̀ jù fún pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bó bá jẹ́ pé èékánná nìkan ló lè fa ìlà sára rẹ̀, ẹ ní ìrètí. Ẹ wò ó bóyá omi ń sun wọ inú ihò. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá ilẹ̀ tí kọnkéré jókòó lé jẹ́ ilẹ̀ àdáyébá, tàbí iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ síta tí wọ́n tún dà padà, nítorí lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó yẹ kí wọ́n gé kòtò ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn kó lè máa bá ilẹ̀ líle lọ, àwọn kan kì í sì ṣe é. Oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá ni mo fẹ́ràn jù fún irú iṣẹ́ yìí, nígbà tí ilẹ̀ ti mu omi yó. Ihò tí wọ́n bá gbẹ́ ní oṣù kejì máa ń tan ènìyàn jẹ, amọ̀ gbígbẹ a máa le bí òkúta. Kí wọ́n dí ihò náà padà lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sì máa gún un bí wọ́n ṣe ń dí i.

Ọjọ́ tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ ni kí ẹnjiníà wà níbẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ kejì. Ẹnjiníà ilé kíkọ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, ni mo ní lọ́kàn. Kọ́ńtírákítọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní ẹnjiníà kọ́. Ẹnjiníà gidi ní irin kan tí wọ́n ń fi òòlù gbá wọ ilẹ̀, tí wọ́n á máa ka iye ìgbà tí wọ́n gbá a kó tó wọlé. Ìyẹn ló máa fi nọ́ńbà rọ́pò àtàǹpàkò. Owó tí ẹ ó san fún un kò ní tó ohun tí irin yàrá méjì nínú dẹ́kìn yóò jẹ. Bí irin bá sì yọ sókè láti igun ilé fún pílà, kí ó wo ibi tí irin yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Pílà tòótọ́, irin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú kọnkéré ìsàlẹ̀ pátápátá, ibẹ̀ ló ti tẹ ẹsẹ̀. Èyí tí wọ́n kàn kì bọ inú ihò búlọ́ọ̀kù tàbí inú jámánì fulọ́ọ̀, ohun ọ̀ṣọ́ ni. Irin tó ti wà níta fún ọdún mẹ́rin yóò ti dípẹtà. Bí ìpẹtà náà bá jẹ́ ìyẹ̀fun pupa lásán, wọ́n lè fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbọn ọ́n. Bó bá ń ṣí ní èèpo-èèpo tí irin náà sì ti tín-ínrín, kò ṣeé lò mọ́. Kí wọ́n fi nǹkan wọn ìnípọn rẹ̀ pẹ̀lú, torí irin tí wọ́n tà lọ́jà ní mìlímítà 12 lè má pé 12. Níbi tí irin tuntun bá ti pàdé ti àtijọ́, kí méjèèjì jọ rìn pọ̀ tó ogójì ìlọ́po ìnípọn wọn, èyí tó jẹ́ nǹkan bí íǹṣì 19 fún irin 12. Íǹṣì 6 tí wọ́n ń fi wáyà dì nínú ọ̀pọ̀ ilé kò tó rárá.

Wàyí o, lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ ohun tó wà nísàlẹ̀, ọ̀nà bíi mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀. Èyí tó rọrùn jù ni kí ẹ kọ́ bọ́ńgálò tí ẹ ti pinnu láti kọ́, kí ẹ kó wọlé, kí ẹ bọ́ lọ́wọ́ owó ilé. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ gbé níbẹ̀, n kì bá tí sọ jù báyìí lọ. Ọ̀nà kejì ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Wọ́n á fọ́ jámánì fulọ́ọ̀ ní ojú ibi tí pílà yóò wà, wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ lọ síbi tó le, wọ́n á to irin, wọ́n á da kọnkéré ẹsẹ̀ pílà kọ̀ọ̀kan, pílà á gbéra láti ibẹ̀, bíìmù á so wọ́n pọ̀, dẹ́kìn á sì jókòó lórí bíìmù. Ògiri ìsàlẹ̀ á wá di ohun tí a fi pín yàrá, ìpìlẹ̀ àtijọ́ yín kò sì ní gbé ju ògiri yẹn lọ. Pílà àárín ilé kan lè gbé tó tọ́ọ̀nù 20. Lórí yangí tó dára, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 4. Lórí amọ̀ rírọ̀ ẹ̀yìn yẹn, ó lè súnmọ́ 6 sí 6. Iṣẹ́ tó ṣeé ṣe ni, mo sì ti rí i tó yọrí sí rere, ṣùgbọ́n ó ń jẹ owó, ó sì léwu bí wọ́n bá gbẹ́ gbogbo ihò pílà lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpìlẹ̀ àtijọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ, bí wọ́n ṣe ń parí èyí ni wọ́n ń bọ́ sí òmíràn. Tí ìwádìí bá sì fi hàn pé ilẹ̀ le níwájú àti lẹ́yìn, tí kọnkéré ìsàlẹ̀ sì pé íǹṣì 27, ẹnjiníà lè ní kí ògiri gbé dẹ́kìn kan láìsí gbogbo wàhálà yìí. Kan ni mo wí. Ti dẹ́kìn méjì tí bíríkìlà sọ, ẹ jẹ́ kó máa dáwọ̀ọ́ ìdùnnú rẹ̀ nìṣó.

Ọ̀nà kẹta ni èyí tí n kò rí i kí ẹnikẹ́ni dárúkọ nínú ìwé yín. Bí plọ́ọ̀tì yín bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, tàbí 50 sí 100 pàápàá, bọ́ńgálò oníyàrá mẹ́ta kò gba gbogbo rẹ̀. Àbúrò ọkọ yín lè kọ́ ilé kékeré tirẹ̀ sí iwájú, níbi tí ilẹ̀ le sí, pẹ̀lú ìpìlẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní gẹ́gẹ́ bí ohun tó fẹ́. Bó bá wù ú, kó gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kalẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti rò ó pọ̀ tí mo rí i pé owó títún ìpìlẹ̀ àtijọ́ ṣe fún pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò jìnnà sí owó ìpìlẹ̀ tuntun. Ohun tó burú nínú ọ̀nà yìí ni pé àyè á há, ibi tí sókàwé àti kànga yóò wà á di ìṣòro, ilé méjì á sì wà nínú géètì kan. Mo mọ àwọn tó ń sọ pé àwọn á kọ́ bọ́ńgálò báyìí, àwọn á wá ṣí òrùlé lọ́jọ́ iwájú gbé òkè lé e. Ó ṣeé ṣe bí ẹ bá ti fi pílà àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láti ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n páànù tí ẹ bá ṣí, ìdajì rẹ̀ kì í padà sókè mọ́, ẹ ó sì wá ibi tí ẹ máa kó ìyá lọ nígbà tí òrùlé bá ṣí.

Ọ̀nà yòówù tí ẹ bá yàn, tó bá ti di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìwé àṣẹ tí ẹ gbà fún bọ́ńgálò kò bò yín mọ́. Ẹ ó tún pláànù yà, ẹ ó fi ìwé ìṣirò ẹnjiníà sí i, ẹ ó sì gbà á lọ́wọ́ ọ́fíìsì tó ń mójú tó ètò ìlú. Ẹ ṣèbéèrè náà bóyá àwọn ọmọ onílẹ̀ àdúgbò yín ń gba owó dẹ́kìn, kí ó má baà jẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ òkúta bá dé ni ẹ ó gbọ́ ọ. Ní ti sìmẹ́ǹtì, nọ́ńbà kan wà tó ń sọ bó ṣe lágbára tó. Láti ọdún 2014 ni SON, àjọ tó ń mójú tó ìdára ọjà ní Nàìjíríà, ti ní 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri, 42.5 sì ni fún pílà, bíìmù, dẹ́kìn àti búlọ́ọ̀kù. Nọ́ńbà náà wà lára àpò, ẹ kà á kí wọ́n tó já ọkọ̀. Kí wọ́n má sì yọ igi kúrò lábẹ́ dẹ́kìn kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, káfíńtà ì báà máa wá igi rẹ̀ fún iṣẹ́ míì.

Ọ̀rọ̀ ẹbí wá kù. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti jẹ́ ojú iyì fún wa tipẹ́. Láti ìgbà tí àwọn míṣọ́nnárì CMS ti parí tiwọn ní Àgbádárìgì lọ́dún 1845, kò sí ọmọ Yorùbá tí kò fẹ́ kí wọ́n tọ́ka sí òkè ilé rẹ̀. Ẹ má dá ọkọ yín lẹ́bi pé ó fẹ́ ẹ, ẹ má sì dá àbúrò rẹ̀ lẹ́bi pé ó fẹ́ ibi tó máa dé sí nílé. Bí ẹ bá wí fún wọn pé "rárá", ẹ̀yin lẹ di ọ̀tá oore. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní "ẹ jẹ́ ká gbẹ́ ẹ wò kí owó tó wọlé", kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò bínú sí i, ẹni tó wà ní London gan-an yóò sì fẹ́ mọ ibi tí owó òun ń jókòó sí. Ohun kan tí n kò ní fi pamọ́ fún yín ni pé "òkè jẹ́ tèmi" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ẹnu lásán sọ. Orúkọ ta ló wà lára ìwé ilẹ̀? Bí ìwọ̀nba ọdún bá kọjá, tí ó fẹ́ ta òkè tirẹ̀, tàbí tí àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ gba ìpín wọn, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó wà nísàlẹ̀? Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu gbogbo yín. Bó bá sì di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ rí i pé yàrá ìyá àti balùwẹ̀ wọn wà nísàlẹ̀ nínú pláànù tuntun náà, torí mo ti rí i tí wọ́n yí pláànù padà tí wọ́n fi kíṣìnì àti pálọ̀ nìkan sílẹ̀, tí arúgbó ń gun àtẹ̀gùn.

N kò rí ilẹ̀ yín, n kò sì lè fi ìwé kan ṣoṣo dá ilé yín láre tàbí lẹ́bi. Ó lè jẹ́ pé òkè pátápátá lẹ wà tí odò náà sì jìnnà, kí ẹ̀rù tí mo fi bà yín lẹ́yìn ilé má ní ìdí. Ó sì lè burú jù bí mo ṣe rò lọ. Ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò tó, sísán ló sábà máa ń sán. Kì í sábà wó. Ṣùgbọ́n èyí tó bá wó kì í dúró kí ẹnikẹ́ni jáde. Ilé àlejò ṣọ́ọ̀ṣì tó wó ní Ìkòtún, l'Ékòó, ní 12 oṣù kẹsàn-án 2014, ènìyàn 116 ló bá a lọ, ilé-ẹjọ́ tó wádìí ikú wọn sì sọ lọ́dún 2015 pé àìlágbára ilé náà fúnra rẹ̀ ló fà á. Nítorí náà n kò ní sọ fún yín pé kí ẹ má bẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rù náà gbẹ́ ihò mẹ́rin. Tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ tán, ẹ ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tépù nínú rẹ̀ kí ìwọ̀n lè hàn, ẹ mú ẹ̀kún ọwọ́ kan nínú ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tí ẹ ti kọ ibi tó ti wá sí lára, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ fún ẹnjiníà tí ẹ bá gbà. Àwọn fọ́tò náà, ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí èmi pẹ̀lú, kí ẹ kọ́kọ́ fi ti ihò méjì lápá odò ṣọwọ́.